Ṣé dandan ni kí abẹ́ ya nígbà ìbímọ àkọ́kọ́? Ìjíròrò láti Ẹ̀pẹ́

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti bímọ, ẹ dá mi lóhùn. Oyún àkọ́kọ́ mi ti wọ ọ̀sẹ̀ 33, Ẹ̀pẹ́ ni mo sì ń gbé. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, ń fún mi ní omi ilá tútù mu ní àràárọ̀, wọ́n ní yóò jẹ́ kí ọ̀nà yọ̀ kí n má baà ya. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ya nígbà tí ó bí àkọ́bí rẹ̀, kò sì lè jókòó dáadáa títí wọ́n fi sọ ọmọ náà lórúkọ. Níbi tí mo ti forúkọ sílẹ̀, nọ́ọ̀sì kan sọ fún àwa olóyún àkọ́kọ́ pé gbogbo wa ni wọn yóò gé lábẹ́, nítorí pé ẹni tí wọn kò bá gé ni yóò ya yánnayànna. Ọkọ mi náà gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé bí a bá ń sùn pọ̀ lójoojúmọ́, ọ̀nà yóò là. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Àbí kí n kúkú ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi?

* * *

Àbúrò mi, obìnrin tí ó ń bímọ lójú ara fún ìgbà àkọ́kọ́ tí kò sì ya rárá kò pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà aboyún ti Ìlú Ọba ṣírò rẹ̀ pé nínú irú obìnrin bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá, àwọn tí yóò ya, tàbí tí ara wọn yóò bó, tàbí tí wọn yóò gé, lè tó mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n yíya kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ó kéré jù kò kọjá awọ, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ gba rírán. Èyí tí ó tẹ̀ lé e wọ inú iṣan tí ó wà láàárín ojú ara àti ihò ìdí. Wọn a rán an, a sì san. Ẹ̀kẹta dé ara iṣan tí ó ń pa ihò ìdí dé, ẹ̀kẹrin sì là á já wọ inú ihò ìdí gan-an. Àwọn méjì ìkẹyìn yìí ni ó yẹ ká bẹ̀rù, nítorí pé bí wọn kò bá rán wọn dáadáa, obìnrin lè máa só láìmọ̀, tàbí kí ìgbẹ́ máa yọ́ sí i láṣọ. Ní Ìlú Ọba kan náà, nǹkan bí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún àkọ́bí ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí.

Nítorí náà, kì í ṣe bí o kò ṣe ní ya rárá ni kí o máa lé. Bí yíya kò ṣe ní dé ihò ìdí ni iṣẹ́ tí ó wà níwájú wa. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ń ṣe ní agbègbè yìí, lójú tèmi, ohun tí ó ń pinnu ọ̀rọ̀ náà jù ni ìṣẹ́jú mélòó kan tí orí ọmọ fi ń jáde, àti ọwọ́ ẹni tí ó wà níbẹ̀ lákòókò yẹn. Ohun tí a ń jẹ àti ohun tí a ń mu kò sún mọ́ ọn.

* * *

Omi ilá. Ó lé ní ìdajì àwọn tí ó dá sí ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n ní kí o máa mu ún lọ, àwọn kan sì ní kí o fi ewédú kún un. Ilá tí o bá mu, inú ikùn ni ó ń gbà lọ sí ìfun. Ilé ọmọ kò sí lójú ọ̀nà yẹn, yíyọ̀ rẹ̀ kò sì lè dé ojú ara láéláé. Síbẹ̀, má torí rẹ̀ bá ìyá ọkọ rẹ fa ọ̀rọ̀. Ilá kì í jẹ́ kí ìgbẹ́ le, aboyún sì nílò ìyẹn. Sọ fún wọn pé ọbẹ̀ ni o fẹ́ràn rẹ̀ sí, kí wọ́n fi ẹja Olúwo sí i. Inú wọn yóò dùn, ìwọ náà yóò yó.

Ohun tí mo ń bá jà ní tèmi ni àgbo àbíwẹ́rẹ́ tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, àti èyí tí ó burú jù ú lọ, ìyẹn abẹ́rẹ́ ìrọbí tí àwọn kan ń gún fún obìnrin kí ọmọ lè tètè wá. Nílé ìwòsàn, inú omi tí wọ́n fi kọ́ sókè ni wọ́n ń fi oògùn yẹn sí, tí yóò máa kán tótó, tí ènìyàn yóò jókòó tì í, tí wọ́n sì lè dá a dúró bí ó bá pọ̀ jù. Èyí tí wọ́n bá gún mọ́ni nídìí nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú, ta ni yóò fà á jáde padà? Ilé ọmọ yóò máa fún pọ̀ láìsinmi, orí ọmọ yóò já lu abẹ́ tí kò tíì nà, abẹ́ yóò ya. Ilé ọmọ fúnra rẹ̀ lè bẹ́, èémí ọmọ sì lè tán. Má dà á pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n ń gún sí itan lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde tán kí ẹ̀jẹ̀ má baà pọ̀ jù. Ìyẹn dára, gbà á.

Ọ̀rọ̀ ohun mímu aládùn kò ṣeé fi ṣeré. Ọmọ tí ó bá ju kílò mẹ́rin lọ a máa mú kí yíya ńlá wọ́pọ̀, àtọ̀gbẹ inú oyún sì wà lára ohun tí ń mú ọmọ tóbi bẹ́ẹ̀. Bí wọn kò bá tíì yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, béèrè fún un.

* * *

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó bímọ ní Ìkòròdú kọ̀wé pé fífi òróró wọ́ abẹ́ ni ó gba òun là. Ẹlòmíràn fèsì pé òun wọ́ ọ lójoojúmọ́, òun sì ya síbẹ̀, kí a yé tan àwọn ènìyàn jẹ. Àwọn méjèèjì kò parọ́. Ìwádìí mẹ́rin tí wọ́n kó pọ̀ yẹ̀ wò, tí obìnrin 2,497 kópa nínú wọn, fi hàn pé láàárín àwọn tí kò tíì bímọ lójú ara rí, bí nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ṣe é, ẹnì kan péré nínú wọn ni yóò torí rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rírán. Ó ń dín gígé náà kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò rí i pé ó dín yíya tí ó dé ihò ìdí kù, àwọn tí ó sì ń ṣe é lemọ́lemọ́ kò jèrè ju àwọn tí ó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lọ. Àǹfààní wà níbẹ̀, kò kàn tóbi tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń pariwo rẹ̀ ni.

Bí o bá fẹ́ ṣe é, bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 34 tàbí 35. Gé èékánná rẹ, fi ọṣẹ fọ ọwọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn tí o bá ti fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀ ni ó dára jù, nítorí pé ara yóò ti rọ̀. Fi ẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, ká orúnkún, kí o sì là wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fi àdí àgbọn tàbí òróró tí a fi ń dáná tí kò ní lọ́fínńdà ra àtàǹpàkò méjèèjì, kí wọ́n wọ ojú ara kọjá oríkèé àkọ́kọ́ díẹ̀. Tẹ̀ wọ́n sísàlẹ̀, síhà ihò ìdí, kí o sì rọra fà wọ́n sí ọ̀tún àti sí òsì, títí ibẹ̀ yóò fi máa ta ọ́ bí ẹni pé ata díẹ̀ kàn án. Dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ara rẹ yóò fẹ́ sún sẹ́yìn, ìdí rẹ yóò fẹ́ fún pọ̀. Má jẹ́ kí ó fún, máa mí síta pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí yóò fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ kan bọ́ sísàlẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó.

Ní ọ̀sẹ̀ 37, ikùn kì í sábà jẹ́ kí ọwọ́ aboyún dé ibẹ̀ mọ́, ọkọ lè fi ìka bá ọ ṣe é bí ìwọ bá fẹ́. Má fi ìpara tí ń ta lára sí i, òrí tí ó ti dọ̀tí nínú ike náà kò yẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń wá, bí wọ́n bá ti sọ fún ọ pé ibi ọmọ wà nísàlẹ̀, bí omi bá ti já, tàbí bí kòkòrò àrùn kan bá wà lójú ara, má dán an wò rárá.

Ohun tí ó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ ju iye tí ìwádìí kà lọ ni títa tí mo sọ yẹn. Obìnrin tí ó bá ti mọ̀ ọ́n, tí ó sì ti kọ́ bí a ṣe ń tú ìdí sílẹ̀ nígbà tí ó bá dé, kì í sábà sá sókè lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí orí ọmọ bá ń fẹ́ yọ.

* * *

Ìyá kan láti Pópó-Ọba bínú sí mi lórí èyí. Wọ́n ní gbogbo ọmọ tí àwọn bí, kò sí ẹni tí ó fi òróró wọ́ àwọn, orí ìkúnlẹ̀ ni àwọn wà tí ọmọ fi jáde, ara àwọn sì dá ṣáṣá. Ẹ ṣé, ìyá mi. Ní ti ìkúnlẹ̀, mo fara mọ́ ọn pátápátá, ó sì ń dùn mí pé àwa tí a kàwé ni a gbé obìnrin dùbúlẹ̀ gbalaja, tí a gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọ́ sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti ní kí a jẹ́ kí obìnrin tí wọn kò fún ní abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí ń pa ìrora yan bí ó bá ṣe fẹ́ wà, ìbáà jẹ́ ìkúnlẹ̀ tàbí ìfẹ̀gbẹ́lélẹ̀. Àwọn tí kò fi ẹ̀yìn lélẹ̀ kì í sábà gba gígé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yíya kékeré lè pọ̀ díẹ̀ láàárín wọn, kí wọ́n sì ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn dáadáa.

Ṣùgbọ́n pé àwọn obìnrin ayé àtijọ́ kì í ya, ìyẹn ni mi ò gbà. Ta ni ó yẹ̀ wọ́n wò? Àwọn tí ìgbẹ́ ń yọ́ sí lára nígbà náà, inú yàrá ni wọ́n ń jókòó sí, wọn kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọkọ kò gba àkókò. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá wá, tí dókítà kò sì ní kí ẹ sinmi, ẹ máa sùn pọ̀ bí ó bá wù yín méjèèjì. Orí ọmọ tí ó tó oṣù fẹ̀ tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 9.5. Kí ọkọ rẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, kí ó wá sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

* * *

Ibi gígé ni ìjà pọ̀ sí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Èrò tí nọ́ọ̀sì yẹn gbé kalẹ̀ wọ́pọ̀ gan-an: wọ́n ní gígé dán, yíya kò dán, nítorí náà kí a gé gbogbo olóyún àkọ́kọ́ kí a lè rí i rán dáadáa. Wọ́n kọ́ àwọn àgbà wa bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́, wọn kò sì fi ọ̀tẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti ń gé gbogbo ènìyàn wé ibi tí wọ́n ti ń gé kìkì ẹni tí ó nílò rẹ̀, yíya ńlá kéré níbi tí wọn kì í ti í gé gbogbo ènìyàn. Ẹ̀yin télọ̀ mọ ìdí rẹ̀: aṣọ tí a bá ti fi sísọ́ọ̀sì gé létí ni ó rọrùn láti fà ya dé ìsàlẹ̀. Gígé fúnra rẹ̀ wọ inú iṣan. Obìnrin tí ì bá ya awọ lásán, tí kò ní gba rírán, ni o ti sọ di ẹni tí wọ́n ń rán. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2018 sọ ọ́ gbangba pé kí a má sọ gígé di àṣà.

Ìgbà tí ó yẹ wà o. Bí ọkàn ọmọ bá ń rẹlẹ̀ tí ó sì yẹ kí ó jáde kíákíá, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ fi irin fa orí rẹ̀, mo lè gé, èmi náà sì ti gé. Kí wọ́n sọ fún ọ, kí o fọwọ́ sí i, kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ tí yóò mú ibẹ̀ kú, kí wọ́n dúró títí orí yóò fi na ibẹ̀ dáadáa, kí ọ̀bẹ sì dàgẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ní nǹkan bí dígírì 60 sí ìlà àárín. Èyí tí ó bá lọ tààrà sísàlẹ̀, ihò ìdí ni ó dojú kọ.

Ẹnì kan béèrè pé ta ni ó láyà láti bá nọ́ọ̀sì jiyàn lórí bẹ́ẹ̀dì ìbímọ. Kò sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé nígbà tí o bá lọ fún àyẹ̀wò aboyún ni kí o sọ ọ́, ní pẹ̀lẹ́, kí ó wọ inú fáìlì rẹ: "Ẹ jọ̀wọ́ mà, mi ò fẹ́ kí ẹ gé mi àfi bí ewu bá wà."

* * *

Kí wá ni ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí mo ń tẹnu mọ́ yìí? Mo ti rí ibi tí ènìyàn mẹ́rin ti ń pariwo "púùṣì, púùṣì" lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan ń gbá obìnrin nítan, tí ẹ̀karùn-ún sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ láti òkè. Orí ọmọ náà já jáde lójijì, ihò ìdí obìnrin náà sì là. Títẹ ikùn yẹn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i.

Bí ó ṣe yẹ kó rí nìyí. Obìnrin yóò tì í bí ara rẹ̀ bá ṣe sọ fún un, kì í ṣe bí ẹnikẹ́ni ṣe ń kà á. Bí orí bá ti ń hàn, agbẹ̀bí yóò ki aṣọ mímọ́ bọ inú omi gbígbóná tí awọ lè gbà, tí ó ti kọ́kọ́ fi ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ dán wò, yóò fún un, yóò sì gbé e lé agbedeméjì ojú ara àti ihò ìdí, yóò máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti ń tutù. Ohun kékeré yìí, tí kò ju aṣọ àti omi lọ, wà lára èyí tí ìwádìí fi hàn pé ó dín yíya ìpele kẹta àti ìkẹrin kù. Nígbà tí orí bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tí kò padà sẹ́yìn mọ́, ibẹ̀ yóò máa jó ọ bí iná, gbogbo ara rẹ yóò sì fẹ́ kí o tì í kí ó parí. Ibẹ̀ gan-an ni kí o ti dáwọ́ dúró. La ẹnu, máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ọwọ́ kan agbẹ̀bí yóò wà lórí orí ọmọ kí ó má baà fò jáde, èkejì yóò gbé abẹ́ ró. Èjìká náà lè ya ènìyàn, nítorí náà kí wọ́n má fà á.

Mo rántí ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti ọ̀kan nínú àwọn abúlé ẹ̀bá ọ̀sà, ìrọbí ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ń sá, ó ń pariwo pé òun ń ya. Mo ní kí gbogbo ènìyàn dákẹ́, mo ní kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí ìyá rẹ̀ bá a gbé ẹsẹ̀ òkè dání. Nígbà tí orí dé ẹnu ọ̀nà, mo mú ọwọ́ rẹ̀ kí ó fi kan irun ọmọ rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu débi pé ó gbàgbé láti tì í. Ó ń mí, orí sì ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ya díẹ̀ nínú, a rán an.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò mẹ́nu kàn lókè: ìdábẹ́. Bí wọ́n bá dá abẹ́ fún ọ ní kékeré, sọ fún agbẹ̀bí rẹ ní ìsinsìnyí, kí ó yẹ̀ ọ́ wò. Ojú àpá kì í nà bí awọ, ìyẹn sì lè mú kí yíya pọ̀. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ipá ti ka ìdábẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ti ṣe é fún ṣáájú ṣì ń bímọ lójoojúmọ́, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

* * *

Àwọn méjì ti ń bú ara wọn lórí iṣẹ́ abẹ. Ọ̀kan ní "bí obìnrin Hébérù ni wàá bí i", èkejì ní iṣẹ́ abẹ ni ọ̀nà àbáyọ kúrò nínú gbogbo ìyọnu yìí. Iṣẹ́ abẹ kì í jẹ́ kí abẹ́ ya lóòótọ́, ó kàn jẹ́ pé ikùn ni wọ́n ń là, ẹ̀jẹ̀ àti egbò rẹ̀ sì ń bọ̀ pẹ̀lú ewu fún oyún tí ó tẹ̀ lé e. Bí dókítà bá ní ó tọ́ sí ọ, má jẹ́ kí orin kankan dá ọ dúró. Nítorí ẹ̀rù yíya nìkan, mi ò ní gbà ọ́ níyànjú rẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n olùbéèrè náà wá síbí, ó ní omi gbígbóná tí àwọn ìyá gbé òun kà, tí ó ní álọ́ọ̀mù àti Dettol nínú, ni kò jẹ́ kí òun lè jókòó títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, kì í ṣe yíya fúnra rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Mo ti rí ìdí tí omi bó, tí àwọn òwú sì tú. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán tó. Wẹ ibẹ̀ lẹ́yìn tí o bá tọ̀ tàbí tí o yàgbẹ́, rọra fi aṣọ mímọ́ gbẹ ẹ́, pààrọ̀ páàdì léraléra, mu omi púpọ̀, jẹ ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ kí ìgbẹ́ má baà le. Òwú náà yóò yọ́ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń rùn, bí ọyún bá ń jáde, bí ara bá gbóná, tàbí bí ìsó àti ìgbẹ́ bá ń bọ́ láìmọ̀, padà síbi tí o ti bímọ lọ́jọ́ náà.

Kí wọ́n tó rán ọ rárá, ẹni tí ó gbẹ̀bí gbọ́dọ̀ sọ fún ọ kí ó sì fi ìka yẹ ihò ìdí wò. Ibi tí wọn kò ti ṣe èyí ni yíya ńlá ti ń sá pamọ́ sábẹ́ awọ tí wọ́n rán dáadáa.

* * *

Olùbéèrè padà wá. Ó ní òun ti bá mátíróònù sọ̀rọ̀, mátíróònù ní "a ó wò ó nígbà tó bá dé", ó sì ń béèrè bóyá kí òun yí ibẹ̀ padà.

Padà lọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: ṣé wọn yóò jẹ́ kí o fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tàbí kí o kúnlẹ̀, ṣé wọn yóò lo aṣọ àti omi gbígbóná, àti pé ta ni wọ́n ń pè bí yíya bá dé ihò ìdí, nítorí pé dókítà tí ó mọ̀ ọ́n ni ó ń rán irú rẹ̀, nínú tíátà. Bí ó bá fi ìbínú dá ọ lóhùn, ọ̀sẹ̀ 33 kò tíì pẹ́. Lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ẹ̀pẹ́ níbí, kí o béèrè ohun kan náà, kí o sì forúkọ sílẹ̀ níbi tí ìdáhùn bá ti dára jù. Má fi í sí ọkàn pé o lè sáré lọ sí Ìkòròdú nígbà tí ìrọbí bá mú ọ lóru. Fi aṣọ ìnura kéékèèké tí o ti fọ̀ tí o sì ti lọ̀ sínú báàgì rẹ, pẹ̀lú filáàsì tí kò jò, kí o sì yan ẹni tí yóò bá ọ wọlé láti ìsinsìnyí. Bí ìyá ọkọ rẹ bá ni, kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe bá ọ gbé ẹsẹ̀ dání.